Python Méjì Nínú Láptọ́ọ̀pù Kan: Bí Linux Ṣe Ń Pààlà Sáàárín Wọn

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹni tó ń lo Linux, pàápàá Ubuntu tàbí Debian, tó sì ń fi Python ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa dátà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àpilẹ̀kọ ìwádìí bíi tèmi, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù, ẹ jókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn: tí iṣẹ́ kan bá ní Python 3.8 lòun fẹ́, tí òmíràn sì ní 3.12 lòun fẹ́, báwo ni àwọn méjèèjì ṣe máa gbé inú láptọ́ọ̀pù kan láìbára wọn jà?

Àwọn àgbà ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́: oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Ohun tí a fẹ́ wò lónìí ni ibi tí ààlà náà wà nínú Linux, ẹni tó fà á, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá wú u.

Kí ni iṣẹ́ package manager gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Package dà bí àpò tí wọ́n di ètò kọ̀ǹpútà kan sí. Fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ìwé ìlò rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé pélébé kan sì wà lára àpò náà tó sọ pé: "Kí n tó lè ṣiṣẹ́, lágbájá àti tàmẹ̀dò gbọ́dọ̀ ti wà nílé." Package manager ni ètò tó ń ka ìwé pélébé yẹn. Ní Ubuntu àti Debian, apt ni. Ní Fedora, dnf ni. Ní Arch, pacman ni.

Tí ẹ bá ní kí apt gbé ètò kan wá, ó máa kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tí ètò náà gbára lé wà nílé. Tí wọn ò bá sí, ó máa kó wọn wá pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá ní kó yọ nǹkan kúrò, ó máa wò ó bóyá ẹlòmíì ṣì ń lò ó. Òfin kan sì wà tí kì í fi ṣeré rárá: fáìlì kan, olówó kan. Tí package kan bá ti gbé fáìlì kan sí /usr/bin, tí package mìíràn fẹ́ gbé tiẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà, kò ní gbà. Àfi tí àwọn tó di àpò méjèèjì bá ti jọ ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ ti rí ibi tí wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀. Python 3.8 àti Python 3.12, èdè kan náà ni. Àwọn méjèèjì fẹ́ jẹ́ "python3". Àwọn méjèèjì fẹ́ gbé ní /usr/bin. Àwọn méjèèjì ní fáìlì ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí orúkọ wọn bára mu. Tí a bá fi òfin olówó kan yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹyọ kan péré ló máa ráyè gbé nílé.

Ṣé ẹ̀yà tuntun ò tó ni?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ló dé? Ẹ sáà máa lo èyí tó tuntun jù." Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Python 3.0 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àmọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn tó ń ṣe Python tó jáwọ́ nínú títọ́jú Python 2. Ó ju ọdún 11 lọ tí àwọn méjèèjì fi jọ wà, torí kóòdù tí ayé ti kọ sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí èèyàn lè tún kọ ní ọjọ́ kan.

Ìyàtọ̀ wọn ò sì fi gbogbo ìgbà pariwo. Ẹ wo èyí: ní Python 2, tí ẹ bá kọ 5/2, ìdáhùn ni 2. Ní Python 3, ìdáhùn ni 2.5. Kò sí àṣìṣe tó máa jáde lójú kọ̀ǹpútà o. Kóòdù náà máa ṣiṣẹ́ dópin, á sì fún yín ní nọ́ńbà. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń ṣírò ìpíndọ́gba òjò ọdún mẹ́wàá, tàbí ìwọ̀n oògùn tí aláìsàn máa lò. Nọ́ńbà tó jáde lábẹ́ ẹ̀yà kan lè yàtọ̀ sí tèkejì, kó sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Láàárín Python 3 fúnra rẹ̀ náà, nǹkan ń yí. Láti ìgbà 3.9, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni ẹ̀yà tuntun ń jáde, nǹkan kan sì máa ń bá a lọ. Kóòdù àtijọ́ tó ní "from collections import Iterable" ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti 3.10. Ní 3.12, wọ́n yọ distutils kúrò pátápátá, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ package ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò tẹ́lẹ̀ láti fi gbé ara wọn wọlé. NumPy 1.26 ló kọ́kọ́ bá Python 3.12 ṣe. Nítorí náà, tí ìwádìí kan tí ẹ fẹ́ gbé yẹ̀ wò bá sọ pé NumPy 1.19 lòun fi ṣe ìṣirò, 3.12 ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ wá àgbà kan síi.

Fún àwa tí a wà lẹ́nu ìwádìí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Tí ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò bá ní kí ẹ tún nọ́ńbà tó wà ní orí kẹrin yọ, ẹ gbọ́dọ̀ lè yọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹ̀yà èdè tí ẹ fi kọ kóòdù wà lára ẹ̀rí iṣẹ́ yín, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí ẹ fi wọn nǹkan ní yàrá àyẹ̀wò ṣe jẹ́ ẹ̀rí.

Python tí ẹ bá nílé, onílé ló ni ín

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Tí ẹ bá fi Ubuntu 22.04 sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ máa bá Python 3.10 níbẹ̀. Ní Ubuntu 24.04, 3.12 ni. Ní Debian 12, 3.11 ni, ní Debian 13, 3.13 ni. Èèyàn á rò pé ẹ̀bùn ni, pé wọ́n gbé e síbẹ̀ fún òun láti fi kọ́ṣẹ́. Rárá o. Linux fúnra rẹ̀ ló ń lò ó.

Àṣẹ add-apt-repository, Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Ètò tó ń bá yín fi àtúnṣe ààbò sílé ní ìkọ̀kọ̀, tó ń jẹ́ unattended-upgrades, Python ni. Tí ẹ bá ṣi àṣẹ kan tẹ̀, tí Ubuntu wá sọ fún yín pé bóyá báyìí lẹ fẹ́ sọ, Python ló ń fọhùn yẹn. Kódà ní Ubuntu 22.04, fáìlì tó ń ṣí terminal, ìyẹn /usr/bin/gnome-terminal, ìwé Python ni òun náà. Ẹ wò ó fúnra yín:

head -1 /usr/bin/gnome-terminal

Ẹ máa rí /usr/bin/python3 lórí ìlà àkọ́kọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Ẹ bá mi pe python3, òun ló máa ka ìyókù." Ó ní ìgbàgbọ́ pé python3 tó bá jẹ́ ẹ yẹn, ẹni tí òun mọ̀ ni.

Ààlà mẹ́ta tí Debian fà

Báwo wá ni Debian, àti Ubuntu tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣe ń jẹ́ kí Python méjì gbé ilé kan? Ààlà mẹ́ta ni wọ́n fà.

Ààlà kìíní ni orúkọ. Tí Bọ́lá méjì bá wà ní agbo ilé, a máa ń pe ọ̀kan ní Bọ́lá Ńlá, a ó sì pe èkejì ní Bọ́lá Kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni Debian ṣe. Kò sí Python kan tí orúkọ àbísọ rẹ̀ jẹ́ "python3". Python3.10 ni ọ̀kan ń jẹ́, python3.12 ni èkejì. "Python3" tí ẹ ń tẹ̀ yẹn jẹ́ ìtọ́ka lásán, bí ọfà tí wọ́n kọ sára ògiri pé "ẹ gba ibí." Ẹ tẹ èyí:

ls -l /usr/bin/python3

Ní Ubuntu 24.04, ẹ máa rí i pé ọfà náà kọjú sí python3.12. Nítorí pé orúkọ wọn yàtọ̀, òfin olówó kan ò bàjẹ́. Apt lè gbé méjì tàbí mẹ́ta sínú /usr/bin kan náà, ọ̀kan ṣoṣo ni ọfà á sì kọjú sí.

Ààlà kejì ni yàrá. Python kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀: /usr/lib/python3.12 wà fún 3.12, /usr/lib/python3.10 wà fún 3.10. Ibẹ̀ ni irinṣẹ́ tí ẹ̀yà náà bí mọ́ra ń gbé. Àmọ́ pálọ̀ kan wà tí gbogbo wọn jọ ń lò, ìyẹn /usr/lib/python3/dist-packages. Ẹ kíyè sí i pé kò sí 10 tàbí 12 lẹ́yìn 3 níbẹ̀. Ibẹ̀ ni module tí ẹ bá fi apt gbé wá ń lọ. Ìdí tí wọ́n fi jọ ń lò ó ni pé fáìlì Python lásán, ìwé kíkà ni. Tí ìwé kan bá yé Python 3.11, tó sì yé 3.12, kí ni wọ́n á tún ṣe ẹ̀dà méjì fún?

Ààlà kẹta ló dùn mọ́ mi jù, òun ni àmì. Tí Python bá ka ìwé tí ẹ kọ, ó máa yí i padà sí irú kóòdù kan tí òun nìkan gbọ́, á sì tọ́jú rẹ̀ kó má bàa tún iṣẹ́ kan náà ṣe lọ́la. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pyc nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí 3.11 tọ́jú, 3.12 ò lè kà á. Láyé àtijọ́, fáìlì .pyc kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì .py. Python méjì tí wọ́n jọ wà ní pálọ̀ á máa pa ti ara wọn rẹ́. Kí Debian tó rójú, wọ́n ní láti ṣe fódà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kó ọfà jọ sínú wọn, tí gbogbo wọn ń tọ́ka padà sí ìwé kan náà. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni.

Barry Warsaw, tó ń bá Canonical ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ni Ubuntu, ló kọ àbá tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní PEP 3147. Ó wọ inú Python 3.2 ní oṣù Kejì ọdún 2011. Àbá náà ní kí gbogbo .pyc lọ máa gbé inú fódà kan, kí orúkọ ẹ̀yà tó ni ín sì wà lára rẹ̀ bí ilà ojú: isiro.cpython-311.pyc, isiro.cpython-312.pyc. Orúkọ fódà yẹn ni __pycache__. Ẹ̀yin náà ti rí i rí, àbí? Fódà tó máa ń yọjú nínú iṣẹ́ yín láìpè, tí ẹ máa ń pa rẹ́ nígbà gbogbo. Ó wá sáyé kí Python méjì má bàa jà lórí Linux.

Warsaw kan náà ló kọ PEP 3149, tó ṣe bákan náà fún module tí wọ́n fi èdè C kọ. Irú àwọn yẹn kì í ṣe ìwé kíkà mọ́, wọ́n ti di kóòdù ẹ̀rọ tó bá ẹ̀yà kan pàtó mu. Wọ́n lè jọ wà ní pálọ̀, àmọ́ ẹni tí àmì náà jẹ́ tirẹ̀ nìkan ló lè gbé e.

Ibi tí ààlà ti ń wó

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá wú ààlà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà ń lo Ubuntu 22.04. Package kan ní Python 3.11 lòun fẹ́. Ó gbé 3.11 wá, ìyẹn ò burú. Ó wá rí ìmọ̀ràn kan níbì kan pé kó yí ọfà python3 padà kó kọjú sí 3.11, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, terminal ò ṣí mọ́. Ó tẹ àwòrán rẹ̀ títí, kò sí ohun tó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó lọ gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Ẹnì kan ti ń gbà á nímọ̀ràn pé kó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kó tún Ubuntu gbé sí i látìbẹ̀rẹ̀. Fáìlì Ubuntu yẹn sì ju 3GB lọ. Ẹ̀yin náà mọ iye tí dátà ń jẹ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Nígbà tí ọfà yí, gbogbo ètò tó ń pe python3 bẹ̀rẹ̀ sí í bá 3.11 pàdé. Wọ́n wọ pálọ̀, wọ́n wá ohun tí wọ́n ń lò. Àwọn ìwé kíkà wà níbẹ̀, wọ́n kà wọ́n. Àmọ́ àwọn tí wọ́n fi C kọ, àmì 310 ló wà lára wọn. Àpẹẹrẹ kan ni fáìlì tí Python fi ń bá apt sọ̀rọ̀:

apt_pkg.cpython-310-x86_64-linux-gnu.so

Python 3.11 wò ó, ó rí i pé ilà ojú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé òun, ó sì kọjá lọ. Ó wá kígbe pé "No module named 'apt_pkg'." Bẹ́ẹ̀ fáìlì náà wà níwájú rẹ̀. Bí ti gnome-terminal náà ṣe rí nìyẹn, torí òun náà ń pe module tí wọ́n fi C kọ. Ọfà nìkan ni wọ́n yí, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù náà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. A tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, ojú dúdú kan ṣí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú gnome-terminal, ó wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, a sì dá ọfà padà sí ibi tó wà:

sudo ln -sf python3.10 /usr/bin/python3

Ó tẹ Ctrl, Alt àti F2, terminal ṣí. Python 3.11 tó gbé wá ṣì wà níbẹ̀, kò lọ ibì kankan. Orúkọ rẹ̀ lódindi, python3.11, ló yẹ kó máa fi pè é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí apt ò kó gbogbo ẹ̀yà sílé?

Tí ààlà bá ti wà, kí ló dé tí Ubuntu kì í kàn gbé 3.8, 3.9, 3.10 àti gbogbo wọn sí àgbàlá rẹ̀ kí kálukú mú tirẹ̀? Ọmọ bíbí ò nira tó ọmọ títọ́. Gbogbo module tí wọ́n fi C kọ, wọ́n gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin túmọ̀ sí iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ìdánwò ìlọ́po mẹ́rin. Tí wọ́n bá sì rí àléébù ààbò kan, ibi mẹ́rin ni wọ́n máa dí i.

Àwọn tó ń ṣe Python ń tọ́jú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fún ọdún márùn-ún. Python 3.12 jáde ní oṣù Kẹwàá 2023, ìtọ́jú rẹ̀ máa parí ní oṣù Kẹwàá 2028. Àmọ́ Ubuntu 24.04 ti ṣèlérí ìtọ́jú ọdún márùn-ún tirẹ̀, tó máa dé ọdún 2029. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, àwọn ará Ubuntu fúnra wọn ló máa máa dí ihò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan ọ̀kan, tí wọ́n fi ń dúró tì í.

Ìgbà kan wà tí Debian máa ń gbé méjì pọ̀, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń ṣí láti ẹ̀yà kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú tuntun wọlé bí àlejò, ọfà ò ní yí. Wọ́n á tún àwọn module ṣe kí wọ́n ní àmì méjèèjì, wọ́n á tún àwọn tó bàjẹ́ ṣe. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dúró ire ni wọ́n máa yí ọfà, àgbà á sì fẹ̀yìn tì. Ẹ rí i pé yíyí ọfà yẹn ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ oṣù púpọ̀. Ohun tí ìmọ̀ràn àdàkọ yẹn ní kí ọ̀rẹ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ilé mìíràn, ìlànà mìíràn

Gbogbo Linux kọ́ ló ń ṣe báyìí. Arch ń gbé ẹ̀yà kan ṣoṣo, èyí tó tuntun. Nígbà tí wọ́n ti ẹ yí "python" sí Python 3 ní oṣù Kẹwàá 2010, ilé mìíràn ò tíì gbìyànjú rẹ̀.

Ní Gentoo, láptọ́ọ̀pù yín fúnra rẹ̀ ló ń ti orí kóòdù kọ́ package. Ẹ máa kọ ọ́ sínú PYTHON_TARGETS pé ẹ̀yà báyìí báyìí lẹ fẹ́. Package kọ̀ọ̀kan ti kọ ẹ̀yà tí òun lè bá ṣe sílẹ̀. Níbi tí ohun tí ẹ fẹ́ àti ohun tó lè ṣe bá ti pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ìyà rẹ̀ ni àkókò àti iná, torí kíkọ́ náà ń gba wákàtí.

Red Hat Enterprise Linux 8, tó jáde ní oṣù Karùn-ún 2019, sọ ọ́ síta gbangba pé ti onílé yàtọ̀ sí ti àlejò. Wọ́n fi Python onílé pamọ́ sí /usr/libexec/platform-python, wọ́n sì fi ẹ̀yà mìíràn sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ kóòdù. Kódà kò sí àṣẹ kankan tó ń jẹ́ "python" lásán nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sílé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ èwo.

Nix ló wá lọ jìnnà jù. Eelco Dolstra ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ṣe àpilẹ̀kọ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht ní 2006. Níbẹ̀, package kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ nínú /nix/store, lẹ́tà àti nọ́ńbà 32 ló sì ń ṣáájú orúkọ rẹ̀. Inú gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ package náà ni wọ́n ti ṣírò 32 yẹn. Tí ohun kan bá yí, bó ti wù kó kéré mọ, orúkọ yí, ilé yí. Kò sí pálọ̀, kò sí ìjà. Ẹ̀yà mẹ́wàá lè jọ wà láìmọ ara wọn. Ohun tí ẹ máa fi san án ni àyè inú dísìkì, àti sùúrù láti kọ́ èdè tirẹ̀.

Ẹ wò wọ́n dáadáa, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń ya orúkọ sọ́tọ̀, wọ́n ń ya àyè sọ́tọ̀. Ibi tí kálukú fa ààlà rẹ̀ dé ló yàtọ̀.

Kí wá ni kí ẹ ṣe?

Ìkíní, ẹ má fọwọ́ kan /usr/bin/python3. Ẹ má yí ọfà rẹ̀, ẹ má sì tẹ "sudo apt remove python3" láé. Package tó gbára lé e pọ̀ débi pé apt lè kó ojú tábìlì yín lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìkejì, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní venv, ó sì ti wà láti Python 3.3. Ní Ubuntu, ẹ kọ́kọ́ gbé package python3-venv wá, lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú fódà iṣẹ́ yín, kí ẹ tẹ:

python3 -m venv .venv
source .venv/bin/activate

Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí ẹ bá fi pip gbé wá, inú yàrá yẹn ló ń lọ. Tó bá bàjẹ́, ẹ pa fódà náà rẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Onílé ò ní mọ̀ rárá.

Ìkẹta, tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀yà tí apt ò ní, ẹ gbé e sínú fódà tiyín, ẹ má gbé e sí ti onílé. Ètò tó ń jẹ́ uv, tó jáde ní 2024, ló rọrùn jù lójú mi:

uv python install 3.10
uv venv --python 3.10

Abẹ́ fódà ilé yín ló ń tọ́jú Python náà sí, kò sì nílò sudo. Ó tún ń pa ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́, tó fi jẹ́ pé tí iṣẹ́ márùn-ún bá ń lo NumPy kan náà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa náwó dátà lé e. Pyenv náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ òun sábà máa ń kọ́ Python láti orí kóòdù, ó ń pẹ́. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ kọ́ ọ láti orí kóòdù, "make altinstall" ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ "make install." Altinstall máa fún un ní orúkọ rẹ̀ lódindi, kò ní fọwọ́ kan orúkọ python3.

Ìkẹrin, tí ẹ bá rí ìkìlọ̀ "externally-managed-environment" nígbà tí ẹ ń lo pip, ẹ má bínú sí i. Àbá PEP 668 ló mú un wá, Debian 12 àti Ubuntu 23.04 sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2023. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ibi tí o fẹ́ gbé ẹrù sí yìí, apt ló ni ín." Ìkìlọ̀ náà tún máa fi ọ̀nà àbùjá kan hàn yín, tó ń jẹ́ --break-system-packages. Ẹ ka orúkọ náà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kò fi ohun tó fẹ́ ṣe pamọ́ fún yín.

Ìkarùn-ún, ẹ kọ ẹ̀yà sílẹ̀. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ tẹ "python --version," kí ẹ tẹ "pip freeze > requirements.txt," kí ẹ sì fi àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù yín. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dúpẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ ṣí terminal yín lónìí, kí ẹ tẹ àwọn mẹ́ta yìí. Kò sí èyí tó máa ba nǹkan jẹ́, wíwò lásán ni:

ls -l /usr/bin/python3
ls /usr/lib/python3/dist-packages | grep cpython
apt-cache rdepends --installed python3 | wc -l

Èkínní máa fi ibi tí ọfà kọjú sí hàn yín. Èkejì máa fi àwọn tó ní ilà ojú ní pálọ̀ hàn yín, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara wọn bá ọfà náà mu. Ẹ̀kẹta máa fún yín ní nọ́ńbà kan. Ẹ yọ méjì kúrò nínú rẹ̀, torí ìlà àkọlé ni méjì yẹn. Ohun tó bá kù ló máa sọ fún yín, bí kò tilẹ̀ péye tán, iye package tí ẹrù wọn wà lórí python3 kan ṣoṣo yẹn nínú láptọ́ọ̀pù yín.

Tí ẹ bá rí nọ́ńbà náà, ẹ fi sílẹ̀ nínú kọ́mẹ́ǹtì pẹ̀lú orúkọ Linux tí ẹ ń lò, kí a jọ wò wọ́n. Ó dìgbà kan ná.